Òkúta sàárè lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì: ká fi í síbẹ̀ ni àbí ká yọ ọ́?

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń mú òkúta sàárè àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, wọ́n á mọ ọ́n mọ́ ògiri.

Ní Kirkdale, ní Yorkshire, díẹ̀ nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Àkọlé aago oòrùn ibẹ̀, ìyẹn òkúta tí òjìji oòrùn fi ń sọ àkókò, sọ pé Orm, ọmọ Gamal, ra ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà tó ti wó lulẹ̀, ó sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, láàárín 1055 sí 1065. Ẹni tó bá wo òkúta àtijọ́ lára ògiri náà á rí àtúnkọ́ tí àkọlé yẹn ń sọ. Àmọ́ òjò àti afẹ́fẹ́ ń jẹ ọnà náà lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Ní Bakewell, ní Derbyshire, àtúnkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀rúndún 19 ló tú irú òkúta bẹ́ẹ̀ síta. Ọ̀pọ̀ wà nínú ìloro báyìí, òjò ò kàn wọ́n. Àǹfààní ńlá nìyẹn, àmọ́ òkúta tó kúrò lára ògiri kò lè fi ẹni tó tò ó síbẹ̀ hàn wá mọ́.

Ti Kirkdale ni mo fara mọ́: wọ́n gbé pẹlẹbẹ sàárè méjì wọlé, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ lára ògiri.