Entry Grade Gundam RX-78-2: tọmọdé ni wọ́n ń pè é, àmọ́ òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ̀dà kíkùn

Ẹ jẹ́ n tètè wí tèmi kí n tó máa ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kun rọ́bọ́ọ̀tì oníke téèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ tò lẹ fẹ́ kọ́, ẹ má tíì lọ gbé èyí tó tóbi tó sì wọ́n gógó. Entry Grade RX-78-2, ìyẹn rọ́bọ́ọ̀tì Gundam ti ìpele ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí Bandai, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré ní Jàpáànù, gbé jáde ní 2020, ni kẹ́ ẹ rà, kódà ẹ ra méjì tówó bá wà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ máa ń yínmú sí i, wọ́n á ní tọmọdé ni, wọ́n á ní kí lèèyàn tún fẹ́ fọ̀dà ṣe lára ohun tó ti láwọ̀ látinú páálí. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Torí pé kò nílò ọ̀dà ló ṣe dáa fẹ́ni tó ń kọ́ ọ̀dà, ibi tó bá wù yín lẹ ti lè dúró, á ṣì rẹwà.

Fẹ́ni tí ò bá mọ ìtàn ẹ̀, 1979 ni Gundam, eré àwòrán àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Jàpáànù, nígbà tó di July 1980 Bandai ti ń ta èyí téèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ tò, 300 yen péré. Gúlù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ kí tiẹ̀ jọ èyí tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n àfi kó wá ọ̀dà. Rọ́bọ́ọ̀tì kan náà ni wọ́n tún ṣe ní 2020, ìwọ̀n kan náà, 1/144, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ní mítà 18 ni nínú ìtàn wá di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12.5 lórí tábìlì yín. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó ti yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ ò nílò ẹ̀mú, ẹ ò nílò gúlù, kò sí sítíkà kankan. Ọwọ́ lásán lẹ máa fi tẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kúrò lára férémù ẹ̀, ó ti já nìyẹn, ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára férémù, ẹ fi wé ti inú ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìkejì, ó tán. Funfun dá wà, búlúù dá wà, pupa àti yẹ́lò náà dá wà, ojú ẹ̀ pàápàá ike ni, ẹnikẹ́ni ò ní ní kẹ́ ẹ wá máa ṣẹ́jú mọ́ sítíkà tín-ín-tín kan. Ìjókòó kan lẹ máa fi tò ó tán.

Ó yá, ọ̀dà wá dà?

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀dà gan-an, ilà ni. Ẹ wo ihò atẹ́gùn yẹ́lò méjì tó wà láyà ẹ̀. Bó ṣe ti inú páálí jáde, yẹ́lò lásán ni, ojú ò tiẹ̀ ní rí i pé wọ́n pín in sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹ wá mú Gundam Marker (bírò tí wọ́n ṣe fún irú rọ́bọ́ọ̀tì yìí) ẹlẹ́nu tín-ín-rín, àwọ̀ búráùn (ẹ má lo dúdú lórí yẹ́lò jàre, ó máa le jù), ẹ fà á sínú àwọn àlàfo yẹn, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi òwú orí igi tí wọ́n fi ń nu etí nù ún ní ìdábùú. Èyí tó wà lókè á lọ, èyí tó wà nínú àlàfo á dúró, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i pé ihò yẹn ti jìn wọnú. Lára funfun ẹ lo àwọ̀ eérú, lára búlúù ẹ lo dúdú. Iṣẹ́ kékeré yẹn ló ń yí ojú rọ́bọ́ọ̀tì padà ju gbogbo nǹkan tó kù lọ, èmi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá kíláà (ọ̀dà tí ò láwọ̀ tí wọ́n fi ń bo iṣẹ́) tí kì í dán, èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ fín náà tó. Ike tó ń dán yẹn ló ń jẹ́ kó jọ ohun ìṣeré, tí dídán yẹn bá ti lọ, ó parí. Ẹ má gbé agolo súnmọ́ ọn jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yà náà kó tó kàn án, ẹ gbà á kọjá, ẹ má dúró sójú kan. Ọjọ́ tójò bá ń rọ̀ tàbí tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀, kíláà yẹn máa funfun kùùkùù sára ẹ̀, pàápàá lórí àwọ̀ tó bá dúdú. Ẹ lè dúró síbí yìí o, ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí títí ayé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kùn ún látòkè délẹ̀ ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ibi tẹ́ ẹ ti fọwọ́ já ẹ̀yà yẹn máa ń fi kókó kékeré kan sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rá a ẹ máa mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà ò ní bò ó o, ńṣe ló máa tú u fó. Ẹ fi sáńpépà 400 bọ́ ọ, ẹ lọ sí 600, 800, kẹ́ ẹ wá fi 1000 parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mú sáńpépà dání báyẹn, ẹ kúkú bọ́ ìwo iwájú orí ẹ̀ náà, torí irú ìwo báyìí, wọn kì í jẹ́ kó mú kó má baà gún ọmọdé, ẹ rọra bọ́ ọ láti ẹ̀yìn títí ṣóńṣó ẹ̀ á fi yọ. Ẹ sì rántí gé orí àwọn igi kékeré tó ń so ẹ̀yà pọ̀ ní ìdagun kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun, torí ọ̀dà máa nípọn lé e, tẹ́ ẹ bá tò ó pọ̀ tán tẹ́ ẹ fẹ́ tú u, igi á dá.

Primer (ọ̀dà ìpìlẹ̀) aláwọ̀ eérú lẹ máa kọ́kọ́ fín, èyí tí wọ́n kọ 1000 sí lára dáa. Yẹ́lò ò ní yọ dáadáa lórí eérú, ẹ fi funfun tẹ́ ẹ ná. Funfun gan-an fẹ́ sùúrù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ máa ń fín in, ẹ̀ẹ̀kan ò lè bò ó, ẹni tó bá ní òun máa bò ó lẹ́ẹ̀kan máa rí i tó ń ṣàn. Airbrush (ohun èlò kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà) onímú mílímítà 0.3 àti kọ̀ḿpírésọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bíi 15 sí 20 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) tó iṣẹ́ yìí ṣe, kẹ́ ẹ po ọ̀dà náà títí á fi ṣàn bíi mílíìkì. Ẹni tí ò bá ní airbrush, ákírílíìkì olómi àti búrọ́ọ̀ṣì náà ń ṣiṣẹ́, ó kàn máa pẹ́ ni. Oríkèé ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ibi tí ike bá ti ń ha ike, ọ̀dà ò lè dúró níbẹ̀, bó ti wù kó dáa tó.

Ọ̀rọ̀ tínà, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, náà wà níbẹ̀. Nínú oríṣi ọ̀dà mẹ́ta, lákà, ẹ̀námẹ́lì àti ákírílíìkì, lákà ló le jù, tẹ́ ẹ bá gbé e lórí ẹ̀námẹ́lì tàbí ákírílíìkì ó lè jẹ ẹ́, torí náà ìsàlẹ̀ ni lákà ń gbé. Ilà olómi tó jẹ́ ẹ̀námẹ́lì náà, tó bá ráyè wọ inú ike tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ra, pàápàá irú ike tí wọ́n ń pè ní ABS, ike yẹn lè sán, ẹ fi kíláà tó ń dán bò ó ná kẹ́ ẹ tó da ilà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ìbòmú aláṣọ ò rí nǹkan kan ṣe sí òórùn lákà o, èyí tó ní àsẹ́ kéékèèké tó ń dá gáàsì dúró lẹ máa wá, kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé.

Kí ni ò dáa nínú ẹ̀? Kò sí idà oníná níbẹ̀, ọwọ́ ìdimú ẹ̀ nìkan lẹ máa rí lẹ́yìn ẹ̀, ó dùn mí díẹ̀ torí idà yẹn ni ìdajì Gundam lójú mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ egungun inú, tó fẹ́ ká máa ṣí ìbòrí ká rí nǹkan lábẹ́ ẹ̀, kò ní rí i níbí, kó lọ wo Real Grade tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, 1/144 lòun náà, àmọ́ ẹ̀yà ẹ̀ wẹ́ gan-an, ọ̀dà kíkùn ẹ̀ kì í ṣe fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó sha, ẹ wo ara páálí dáadáa, torí ẹ̀dà kan wà tó fúyẹ́ tí kò ní ìbọn, kò ní asà, ojú sì lè fò ó tẹ́ ẹ bá ń yára.