Kílọ́ọ̀ṣì fún BMW E36 nílé ara ẹni: tuntun, tòkunbọ̀, àbí àwo tí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀?

Ẹni tó bá ra BMW E36 onílẹ̀kùn méjì lónìí, mọ́tò àgbà ló rà. Ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú E36, ọdún 2000 ni wọ́n sì ṣíwọ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò bá tíì máa yọ̀, ọjọ́ náà kò jìnnà mọ́, pàápàá fún àwa tí à ń gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kùtọ̀nú, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ ń mú wa tẹ pẹ́dà láìsinmi. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ra òmíràn níbí. Ẹ lè ra tuntun inú páálí. Ẹ lè ra tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára mọ́tò ní Yúróòpù. Ẹ sì lè gbé àwo kílọ́ọ̀ṣì yín fún àwọn tó ń pààrọ̀ awọ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbó lójú àwo náà, kí wọ́n kan awọ mìíràn mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà ló wà nínú tèmi, gíà àfọwọ́yí. Tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi sí i, tuntun ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Àgbàlá ilé ni èmi àti àbúrò mi ti ṣe méjèèjì, lórí ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́, níbi tí kò ti sí kòtò mẹ́káníìkì tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé mọ́tò sókè. Nítorí náà, ojú ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni mo fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní ṣàlàyé bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ti ń ronú àtitú u ti mọ ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó ná owó kankan, ẹ wo òróró bíréèkì ná. Nínú mọ́tò yìí, ìkòkò òróró bíréèkì náà ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń mu. Bí pẹ́dà bá ń rì sílẹ̀ tí gíà kò sì fẹ́ wọlé, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì ló ń jò. Òun kò nílò kí gíábọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà ní gíà kẹrin, tẹ́ ẹ tẹ pẹ́dà epo mọ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń han gooro tí mọ́tò kò sì yára sí i, àwo ló ti tán. Ẹ máa kà lọ.

Lórí owó ọjà, àwo tí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀ ló rọ̀ jù, tòkunbọ̀ tẹ̀lé e, tuntun ló wọ́n jù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé CFA wa so mọ́ euro: 655.957 CFA ni euro kan, kò sì tíì yẹ̀ láti 1999. Bí páálí kan bá jẹ́ 200 euro lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á ní Yúróòpù, 131,191 CFA nìyẹn, kí owó ọkọ̀ àti ti aṣọ́bodè tó gorí rẹ̀. Ẹ lè máa tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìbẹ̀rù pé pàṣípààrọ̀ á gbé e sá lọ. Tòkunbọ̀ tó ti ọjà Ládípò l'Ékòó gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò àti Ìgòlò wọlé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí náírà bá ṣe jí lọ́jọ́ náà ni ẹni tó ń tà á ṣe máa dá yín lóhùn.

Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì tuntun, LuK àti Sachs wá láti Jámánì, Valeo láti Faransé. Ẹ má jẹ́ kí yíyàn láàárín wọn dá oorun yín dúró.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ni butée, bérìn tó ń ti ìka sípíríǹgì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà. Kó lè yé yín ìdí tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi gba gbogbo àyè yìí, ẹ wo iṣẹ́ tó wà láàárín ọwọ́ yín àti òun. Páìpù èéfín á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí ìpẹtà ti jẹ. Páànù tó ń dí ooru tẹ̀lé e. Lẹ́yìn rẹ̀, ṣáàfù tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, pẹ̀lú rọ́bà nínípọn tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ọ̀pá gíà. Pọ́ǹpù kékeré yẹn. Irin ìdábùú tó gbé gíábọ́ọ̀sì ró. Ìgbà náà lẹ tó kan àwọn bóòtì tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ sì ni sùúrù ti ń tán. Orí wọn kì í ṣe onígun mẹ́fà tí gbogbo àpótí sípánà ní. Bí ìràwọ̀ ni wọ́n rí, sọ́kẹ́ẹ̀tì Torx tí wọ́n kọ E sí lára ló ń gbá wọn mú, òmíràn á sì jẹ orí wọn run. Àwọn tó wà lókè pátápátá kò ṣeé fojú rí. Ẹ máa rọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ díẹ̀, ẹ máa so ọ̀pá àfikún mọ́ ọ̀pá àfikún títí á fi gùn ju apá yín lọ, ẹ ó sì dùbúlẹ̀ máa fọwọ́ tá bóòtì náà kiri. Gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ju 30 kg lọ. Bó bá bọ́ lẹ́nu, orí àyà yín ló ń bọ̀.

Kò sí ìkankan nínú èyí tó fúyẹ́ nítorí pé ẹ̀yà tẹ́ ẹ rà rọ̀ lọ́jà. Iṣẹ́ kan náà ni, yálà ẹ fẹ́ fi tuntun sí i tàbí àlòkù.

Ẹni tó ta tòkunbọ̀ fún mi kó àwo àti mécanisme (irin onísípíríǹgì tó ń tẹ àwo mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì) pọ̀, ó dá owó lé wọn, ó wá fi butée ṣe ẹ̀ènì. Àwo náà dára lóòótọ́. Awọ rẹ̀ ṣì ga dáadáa ju orí rífẹ́ẹ̀tì lọ. Kò sí àmì búlúù tí ooru ń fi sílẹ̀ lára mécanisme. Butée ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ọwọ́, kò ké. A tò ó, gíà wọlé, mọ́tò rìn. Kò pẹ́ rárá tí butée náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í han bí mo bá tẹ pẹ́dà. Ní àárọ̀ ó máa ń dákẹ́, bí mo bá ti há sínú ọkọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀ tí ooru sì mú un, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ gbígbọ̀n rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kà sókè yẹn, láti páìpù èéfín dé orí bóòtì onírawọ̀, la tún tú látòkè délẹ̀ nítorí ẹ̀ènì. Àwo tó dára náà ń wò wá.

Yíyí butée lọ́wọ́ kò lè sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí gbọ́. Wọ́n ti di gíríìsì rẹ̀ pa mọ́ inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò sí ibi tẹ́ ẹ lè gbà fi òmíràn kún un. Ooru ọdún pípẹ́ ló ń sọ gíríìsì yẹn di gbígbẹ. Nínú ọwọ́, kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Lábẹ́ mọ́tò, agbára sípíríǹgì ń tì í nígbà tó ń sáré pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó máa kú láàárín oṣù kan àti èyí tó máa lo ọdún mẹ́wàá, bákan náà ni wọ́n ń ṣe lórí tábìlì ẹni tó ń tà á.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ kàn fi butée tuntun sí i. Ó sàn ju ti ẹ̀ènì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí ìka sípíríǹgì mécanisme náà kẹ́ ẹ tó san owó: ibi tí butée àtijọ́ ti ń fara gbún un á ti jin. Tuntun á jókòó sínú kòtò tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí kòtò yẹn bá ṣeé fi èékánná mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Páálí tuntun náà ní àléébù tirẹ̀, mi ò ní fi bò. Àwo, mécanisme àti butée ló wà nínú rẹ̀. Píìnì onírọ́bà líle tí amúga butée (irin tó ń ti butée) ń gùn lé kò sí níbẹ̀, kílíìpù sípíríǹgì tó dì í mú kò sí níbẹ̀, bérìn kékeré tó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì sábà máa ń jẹ́ títà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni síìlì tó ń dá òróró ẹ́ńjìnnì dúró lẹ́yìn. Gbogbo wọn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kó wọn jọ kí gíábọ́ọ̀sì tó sọ̀kalẹ̀. Síìlì tó ń jò á fi òróró ba àwo tuntun jẹ́ bó ṣe lè ba àlòkù jẹ́.

Ohun tó ga ju ìyẹn lọ ni volant, irin róbótó wúwo tó ń yí ní ìdí ẹ́ńjìnnì, tí àwo ń fara mọ́. E36 sílíńdà mẹ́fà máa ń lo volant alápá méjì, tí sípíríǹgì wà láàárín wọn láti gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti bàjẹ́, owó tuntun rẹ̀ lè ju ti páálí kílọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn tó ń ṣe é kò sì gbà pé kẹ́ ẹ gbé e lọ fá lórí ẹ̀rọ. Ẹ fọwọ́ yí apá òde rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yí díẹ̀ kó sì padà. Bó bá ń kan gbà-gbà, tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, tàbí tí gíríìsì ti fọ́n jáde lára rẹ̀, ó ti tán. Níbí yìí ni mo lè gba tòkunbọ̀ láàyè, nítorí pé volant ṣeé dán wò lọ́wọ́ lọ́nà tí butée kò ṣeé dán wò.

Páálí ayédèrú wà lọ́jà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún yín pé kò sí. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwo àti mécanisme wé ti ara páálí. Ẹ má béèrè fún "embrayage E36" (kílọ́ọ̀ṣì E36 lédè Faransé) lásán, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì kan sí èkejì. Ẹ mú lẹ́tà àti nọ́ńbà méje tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ṣáásì dání, òun ni ìwé ẹ̀yà BMW fi ń dá mọ́tò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Àwo tí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀ ti ran ọ̀pọ̀ onítakisí àti onímọ́tò ẹrù lọ́wọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é. Kì í ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ń kọjá ìyí 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwo tí ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ á máa gbọ̀n, mécanisme yín sì ṣì gbó síbẹ̀, butée náà ṣì gbó. Ọ̀rọ̀ eruku tún wà. Faransé fòfin de asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ní 1997, òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) sì kárí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2005, nítorí náà awọ àtijọ́ àti awọ tí a kò mọ orírun rẹ̀ lè ní in. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírésọ̀ fẹ́ eruku inú gíábọ́ọ̀sì. Aṣọ tútù lẹ fi máa nù ún, kẹ́ ẹ sì sọ aṣọ náà nù. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà.

Kílọ́ọ̀ṣì eré ìje, oníkókó irin: ẹ jìnnà sí i. Ó ń gbá mọ́tò mú lójijì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ni tiwa.

Lórí iṣẹ́ títò, ìyàtọ̀ kò pọ̀. Tuntun sábà máa ń ní ike tó ń to àwo sí àárín. Fún tòkunbọ̀, ẹ máa wá a fúnra yín. Tuntun ní òróró adènà ìpẹtà lójú irin mécanisme, ẹ nù ún kúrò pátápátá. Lára àwo ilẹ̀ Jámánì ẹ ó rí "Getriebeseite", ojú tó kọjú sí gíábọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ìwúwo gíábọ́ọ̀sì fà rọ̀ sórí àárín àwo nígbà tẹ́ ẹ bá ń tì í wọlé, á tẹ̀ ẹ́, tuntun tàbí àlòkù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fi mọ́tò lé orí ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń pè ní chandelle, kẹ́ ẹ sì tẹ́ pákó nínípọn sábẹ́ wọn, nítorí ilẹ̀ pupa máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò. Bíríkì oníhò kì í ṣe ohun ìgbémọ́tò, ó lè fọ́ lójijì láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ta wá ni kó ra kí ni? Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò náà láìpẹ́, tàbí tó ní ọ̀gá mẹ́káníìkì tó ní ẹ̀rọ agbémọ́tò tí kò sì ní gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tòkunbọ̀ lè tó o, pẹ̀lú butée tuntun. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ju ìyẹn lọ rárá náà lè rà á, bí ìka sípíríǹgì rẹ̀ bá ṣì tẹ́jú. Ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ṣe é, tó sì fẹ́ máa wa mọ́tò rẹ̀ lọ, kó dúró díẹ̀ sí i, kó ra páálí tó pé. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ béèrè butée tuntun lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó san owó. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun kò ní, ẹ wá a rí níbòmíràn kẹ́ ẹ tó gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò.