Ìkìlọ̀: "Ìrìn Àjò Kọ́ríńtì" Tí Kò Dé Kọ́ríńtì Rárá

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀n, pàápàá ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ ń dá owó jọ láti lọ wo ibi tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù ní Gíríìsì, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Gbájú-ẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan á gbé àwòrán àwọn òpó Tẹ́ḿpìlì Àpólò sórí WhatsApp, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kọ́ríńtì, àlọ àtàbọ̀ lóòjọ́ láti Áténì. Oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, afinimọ̀nà wà níbẹ̀." 95 euro lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, inú àkáǹtì ara rẹ̀ ni kí ẹ san án sí. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, àdúrà kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé, bọ́ọ̀sì á gbé yín kúrò ní Áténì, á já yín sílẹ̀ létí odò àfọwọ́gbẹ́ Kọ́ríńtì. Ẹ ó dúró lórí afárá, ẹ ó ya fọ́tò, wọ́n á tì yín wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé yín lọ jẹ ẹja dídín létí òkun nínú ìlú Kọ́ríńtì tuntun. Ó tán. Áténì ló kù.

Nígbà tiwa, màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ṣí Bíbélì rẹ̀ sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18 lórí afárá yẹn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ìka sí ibi tí wọ́n ti fa Pọ́ọ̀lù wá síwájú ìtẹ́ ìdájọ́ Gálíónì, gómìnà Róòmù, ó ní kí awakọ̀ fi ìtẹ́ náà han òun. Awakọ̀ nawọ́ sí omi ìsàlẹ̀, ó ní, "Corinth, Corinth." Ẹni tó kó wa lọ ń wo fóònù rẹ̀ ní tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibi tí jìbìtì náà fara pamọ́ sí nìyí. Ọdún 1882 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò yẹn, 1893 ni wọ́n parí rẹ̀. Ó gùn ju kìlómítà 6 lọ díẹ̀. Nérò, ọba Róòmù, dáwọ́ lé e nígbà ayé tirẹ̀, kò ṣeé ṣe. Pọ́ọ̀lù ò rí i, Àkúílà ò rí i. Ìlú tí wọ́n ti bọ́ yín lẹ́ja náà ńkọ́? Ìsẹ̀lẹ̀ ọdún 1858 ló wó ilé àwọn ará ibẹ̀ ní ìlú àtijọ́, ni wọ́n bá kó lọ tẹ̀dó sí etí òkun. Kọ́ríńtì inú Bíbélì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 7 sí ìlú tuntun yìí, Archaia Korinthos ni wọ́n ń kọ sára pátákó ojú ọ̀nà. Láti Áténì, kò tó wákàtí kan ààbọ̀ nínú mọ́tò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀nà ti jìn jù tàbí pé àyè ò sí mọ́, irọ́ ló ń pa.

Ohun tí wọ́n fi dù yín kì í ṣe kékeré. Òpó méje ṣì wà ní ìdúró lára tẹ́ḿpìlì yẹn, òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lára rẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n kọ́ ọ kí Pọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Àwọn ará Róòmù pa ìlú náà run lọ́dún 146 ṣáájú ìbí Jésù, Julius Caesar ló pàṣẹ pé kí wọ́n tún un tẹ̀ dó lọ́dún 44 ṣáájú ìbí Jésù bákan náà, ìlú àtúntẹ̀ yìí ni Pọ́ọ̀lù bá. Láàárín ojúde ọjà rẹ̀ ni ìtẹ́ ìdájọ́ wà, bẹ́mà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọ 2 Kọ́ríńtì 4:17 sára òkúta níbẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Ẹni bá dúró síwájú rẹ̀ á gbójú sókè wo òkè Akrokorinthos, tó ga tó mítà 575, tó yọ lókè orí bí ìgbà tí àgbà bá ń ṣọ́ni. Orísun omi Peirene ṣì wà níbẹ̀. Mùsíọ́mù kan tún wà nínú ọgbà náà, òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nípa sínágọ́gù àwọn Hébérù sí lára. Ẹni tó bá fẹ́ràn Ìwé Mímọ́, odidi ọjọ́ kan ò tó o níbẹ̀. Fọ́tò afárá la gbé wálé ní tiwa.

Ọ̀rọ̀ owó ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tún gba 25 euro lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ti tíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹnikẹ́ni ò sì rí tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ọgbà náà ò tó 20 euro fún àgbàlagbà nígbà tí a lọ. Ẹ lè rà á fúnra yín lẹ́nu ọ̀nà, tàbí lórí hhticket.gr tí í ṣe ti ìjọba. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 25 tí wọ́n ní ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Lásìkò òtútù, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, torí ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ní ọ̀sán kí wọ́n tó ti ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá kúrò ní Áténì ní agogo méjìlá, tó tún fẹ́ kọ́kọ́ yà wo afárá kó sì jẹun, ó ti mọ̀ pé òun ò ní débẹ̀.

Ti afinimọ̀nà náà ńkọ́? Ní Gíríìsì, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìjọba ni òfin gbà láàyè láti máa ṣàlàyé fún àlejò nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní káàdì rẹ̀. Awakọ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín pé awakọ̀ náà ni afinimọ̀nà, ẹ ti rí àmì.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti òkúta. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n ń ta òkúta wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá, wọ́n ní ara bẹ́mà ni wọ́n ti hó o, pé ó dára fún pẹpẹ ilé. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹrù olè ni, torí òfin Gíríìsì 3028 ti ọdún 2002 ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ jáde láìgbàṣẹ, ìwọ tí wọ́n bá bá a nínú báàgì rẹ ni wọ́n máa mú ní pápákọ̀ òfurufú. Tó bá sì jẹ́ irọ́, ojú títì ni wọ́n tà á fún yín.

Ẹ fi káàdì sanwó. Ní Bìrìtéènì, tí ohun tí ẹ fi káàdì ìrajà-àwìn rà bá lé ní 100 pọ́n-ùn, tí kò sì kọjá 30,000, báńkì tó ni káàdì náà pín nínú ẹ̀bi ẹni tó tà á fún yín lábẹ́ òfin, ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: 95 euro ò tó 100 pọ́n-ùn. Ó jọ pé ẹni náà mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ tó o, ẹ ṣì lè ní kí báńkì gbìyànjú láti gba owó káàdì padà. Owó tí ẹ bá tì sínú àkáǹtì ènìyàn ló máa ń le. Tí bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì bá wà nínú owó tí ẹ san, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ATOL, ètò Bìrìtéènì tó ń dáàbò bo owó ìrìn àjò bàálù, lọ́jọ́ tí ẹ san án gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ dá lọ, bọ́ọ̀sì KTEL wà láti ibùdókọ̀ Kifisos ní Áténì, ọkọ̀ ojú irin náà ń lọ sí Kọ́ríńtì tuntun, ẹ ó wá wọ takisí dé Archaia Korinthos. Kò le rárá.

Ẹni náà ti yí orúkọ gúrúùpù rẹ̀ padà báyìí o. Fílípì ló ń polówó, "lóòjọ́ láti Áténì" ló tún kọ síbẹ̀. Fílípì wà lẹ́bàá Kavala ní ìhà àríwá lọ́hùn-ún, ó lé ní kìlómítà 600 sí Áténì ní ojú títì. Ẹ bi í pé aago mélòó ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa gbéra.