Wáyà tó ń so kíbọ́ọ̀dù olórí róbótó mọ́ USB: kẹ́ ẹ tó rà á ní Kàbà

"Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún tì í bọ̀ ọ́, kò séwu." Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa orí róbótó kíbọ́ọ̀dù àti máòsì wa, kọ̀ǹpútà sì wà lórí iná. A yọ ọ́, a tì í padà: kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́, máòsì ò mira mọ́.

Ewu wà. PS/2 ni ihò róbótó yẹn, elésè àlùkò fún kíbọ́ọ̀dù, aláwọ̀ ewé fún máòsì. IBM gbé e jáde ní 1987, wọn ò sì ṣe é fún yíyọ lórí iná. Máòsì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iná kì í sọ̀rọ̀ títí kọ̀ǹpútà yóò fi pàṣẹ fún un, kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀ pé ó jáde rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, àṣẹ "sudo modprobe -r psmouse", lẹ́yìn náà "sudo modprobe psmouse", lè jí i láìpa ẹ̀rọ. Lórí Windows, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tún tàn án. Tí méjèèjì ò bá jí lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí fíúsì kékeré tó ń gbé 5V lọ síbi ihò náà ti jó lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà. Tiwa ò jí, la bá ń wá ohun tó máa so wọ́n mọ́ ihò USB.

Ọmọ yìí kan náà tún wá ta orí kékeré kan tí wọ́n fi ń so orí róbótó mọ́ ihò USB fún wa, ₦800. Ó wọlé geere, kò ṣiṣẹ́. Ó ní kíbọ́ọ̀dù wa ló ti gbó! Ìgbà tí màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù dé, ó kí wa, "Ọ̀kun o," ó gba nǹkan náà, ó tì í bọ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí ò lọ́pọlọ. Wáyà lásán ló wà nínú ẹ̀." Òótọ́ ni: kíbọ́ọ̀dù tó gbọ́ èdè USB àti PS/2 nìkan ló lè lo irú ẹ̀. Ó mú oníhò méjì wá, èyí tó ní ike pẹlẹbẹ láàárín, níbi tí ọpọlọ tó ń túmọ̀ èdè PS/2 sí ti USB wà, ó sì dán an wò lójú wa. Iná mẹ́ta orí kíbọ́ọ̀dù bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn nìkan ò tó ẹ̀rí, torí 5V lásán lè mú un bù yẹ̀rì: ẹ tẹ lẹ́tà wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ó yọ ₦800 kúrò nínú owó ẹ̀, kò jiyàn.

Wáyà náà dára gan-an. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ nǹkan lórí iná, orí USB ni kẹ́ ẹ fà, ẹ má fa orí róbótó. Irin tó ń gbé iná nínú USB gùn ju èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ (dátà) lọ, iná ló kọ́kọ́ kàn, ọpọlọ inú ike á sì jí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì látìbẹ̀rẹ̀. A fa orí róbótó wò lẹ́ẹ̀kan: kíbọ́ọ̀dù padà, máòsì ò padà.

Wáyà náà wúwo, ó ń fa ihò USB sísàlẹ̀. Rọ́bà la fi dè é mọ́ ara káàsì.

Máàkì: 2 nínú 5. Ọmọ yẹn ló jẹ 3 tó kù.