Ẹ gbé iṣẹ́ Yorùbá yín lọ sí ilé ìtẹ̀wé tó wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní Kàbà

Ẹni tó bá ní ìwé Yorùbá láti tẹ̀ nílẹ̀ Òkun, kó má wulẹ̀ ru ú lọ sí Ìlọrin mọ́. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní Kàbà. Àwọn ló bá mi tẹ ìwé pélébé tí mo kọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìtàn ní Ìsánlú, iṣẹ́ wọn sì mọ́.

Ìtàn Joan Derk van der Capellen ló wà nínú rẹ̀. Tiel ní Nẹ́dálándì ni wọ́n bí i sí ní 1741. Ọ̀tọ̀kùlú ni, ó sì bá àwọn ọ̀tọ̀kùlú jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Overijssel, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀. Síbẹ̀, òun ló dìde sí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọjọ́ méjì lọ́dún tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń ṣe fún ìjòyè àdúgbò. Wọ́n lé e kúrò nínú ìgbìmọ̀ ní 1778. Ọdún 1782 ló tó padà. Àwọn ọmọ mi kò nílò àlàyé gígùn níbí yìí. Wọ́n ti gbọ́ nílé bí àwọn Tápà ṣe ń ti Bídà wá gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n sì ń kó èèyàn lẹ́rú.

Mo ti rí ilé ìtẹ̀wé tí àmì ohùn ti ń di àpótí ṣófo sórí ìwé, tí ẹsẹ̀ ẹ àti ọ sì ń pòórá. Ti Kàbà yìí yàtọ̀. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ tẹ ojú ewé kan ṣoṣo, ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó ń fi bírò tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó débì kan, ó dúró.

“Tíṣà, ẹ ní òun ló kọ ìwé tí wọ́n pín lóru yìí, ẹ tún ní kò sórúkọ lára rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀?”

Inú mi dùn. Òru 25 mọ́jú 26 oṣù kẹsàn-án 1781 ni wọ́n pín ìwé náà, Aan het Volk van Nederland (Sí Àwọn Ará Nẹ́dálándì), káàkiri. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu Willem Karùn-ún, olórí ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ó ní kí ará ìlú yan aṣojú tiwọn, kí wọ́n sì gbé ohun ìjà. Ta ni yóò fi orúkọ sí irú ìyẹn? Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹ̀rí tó jáde pé van der Capellen ni. Ọ̀gá ní kí n fi gbólóhùn yẹn kún un kó lè yé ọmọdé. Ó tún ojú ewé náà tò, kò gba kọ́bọ̀ lé e.

Àwòrán ni wọn ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ojú van der Capellen dúdú bí ìdí ìkòkò lẹ́yìn ìwé. Mo kọ̀ ọ́, wọ́n tún un tẹ̀, ó sàn díẹ̀, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn kò lè gbé ẹ̀rọ ńlá.

Ṣùgbọ́n ìwé náà le. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni àwọn ọmọ ń ṣí jù, níbi tí mo ti sọ pé ó kú ní 1784, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì fi ẹ̀tù fọ́ ibojì rẹ̀ ní 1788. Wáyà kékeré tí wọ́n fi dè é kò tíì tú. Owó wọn dín sí ti Ìlọrin, ká má tíì ka owó mọ́tò. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí ẹ sì béèrè páálí tó nípọn fún ẹ̀yìn ìwé.