Ọjà ẹja Toyosu ní Tókyò: ohun tó yẹ kí ará Kábà mọ̀ kó tó lọ

Ọjà Toyosu, tó gba ipò apá inú ọjà Tsukiji, ọjà ẹja àtijọ́ ní Tókyò, lóṣù kẹwàá ọdún 2018, dára láti wò. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé òun yóò ná ẹja nídìí gbàǹjo bí a ti ń ná ẹja gbígbẹ Lọ́kọ́ja ní Kábà yóò padà lọ́wọ́ òfo, torí àwọn oníṣòwò tó níwèé àṣẹ nìkan ló ń rà á.

Gbàǹjo túnà lẹwà ibẹ̀, láago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí. Àwọn olùrà á tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí wọ́n ti gé ìrù ẹja, kí wọ́n lè mọ bí ọ̀rá rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ wò ó láti òkè, lẹ́yìn gíláàsì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó súnmọ́ ọn ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún láàárín àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ sùn nítòsí, kí ọkọ̀ ojú irin má baà mú yín pẹ́.

Wọ́n máa ń ti ọjà Toyosu lọ́jọ́ Àìkú àti ní ọ̀pọ̀ Ọjọ́rú. Àìwo kàlẹ́ńdà lè ba ìrìnàjò jẹ́.

Fún rírà, apá ìta ọjà Tsukiji ṣì wà. Ẹ tètè dé kí ọ̀sán tó pọ́n, kẹ́ ẹ sì mú owó yẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́. Katsuobushi, ẹja gbígbẹ líle tí wọ́n ń fá wẹ́wẹ́ fi se omi ọbẹ̀, ló lè fara da ọ̀nà jíjìn. Ẹja tútù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́.