Ayàwòrán-ilé tó ya ilé-iṣẹ́ gàárì wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo: ohun tí ojú mi rí

Kí n tó sọ̀rọ̀ ayàwòrán-ilé kejì tí mo fẹ́ yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ tí a gbéṣẹ́ fún ṣe. Ilé gbígbé ló yà fún wa, ó kàn fẹ̀ ni. Kò béèrè ibi tí ẹ̀gẹ́ ń gbà wọlé, kò béèrè ibi tí gàárì ń gbà jáde. Òpó mẹ́rin dúró sáàárín gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn ìyá ń gbé abọ́ kọjá gan-an. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ bíi ti pálọ̀, omi tó ń ro lára àpò tí a fi jáákì tẹ̀ kò sì rí ibi ṣàn sí. Omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì ń jẹ sìmẹ́ńtì. Kó tó pé ọdún kan, òkúta ti ń yọrí lára ilẹ̀ náà. Ó dùn mí gan-an, torí owó àjọ ni a fi kọ́ ọ.

Ẹni kejì yìí, Ìlọrin ló ti wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò yọ bébà. Ó jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ títí a fi ṣíwọ́, ó ń wo bí a ṣe ń bó, bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń yan án. Ó bi àwọn ìyá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá ibo ni èéfín ti ń wá sójú yín?" Wọ́n ní ti ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ọyẹ́. Ibi tí mo ti gbà fún un nìyẹn. Afẹ́fẹ́ òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ti ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ó sì fi ibi tí a ti ń yan gàárì sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, kí èéfín má baà wọ gbọ̀ngàn nígbà kankan.

Ibi tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, ó fi ògiri rẹ̀ mọ sí ìdajì, ó fi nẹ́ẹ̀tì sókè, torí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ máa ń bá afẹ́fẹ́ jáde bí a bá ti rin ín. Irin gbé òrùlé láti ògiri dé ògiri, mítà 12, láìsí òpó kankan láàárín. Ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà kan sí méjì ní mítà kọ̀ọ̀kan títí dé gọ́tà. Ẹ̀gẹ́ tútù ń wọlé níhìn-ín, gàárì ń jáde lọ́hùn-ún, wọn kì í pàdé, bí NAFDAC ṣe ń fẹ́. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kò kọjú sí gbọ̀ngàn. Ó tún fi àyè sílẹ̀ kí tírélà lè yí, torí kọ̀ǹténà 40 ẹsẹ̀ nìkan ti ju mítà 12 lọ, ká má tíì ka orí ọkọ̀.

Àléébù rẹ̀ wà o. Pílánù gọ́tà pẹ́ kó tó dé. Bíríkìlà ti da kọnkéré apá kan, a sì ní láti fọ́ ọ. Ó tún kọ́kọ́ fi kòtò omi ẹ̀gẹ́ sẹ́bàá kànga. Èmi ni mo rí i. Ó gbé e lọ sí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, kò bá mi jiyàn.

Iye tó gbà ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Owó tí a fi tún ilẹ̀ àtijọ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì ju ìyàtọ̀ yẹn lọ fíìfíì. Bí ẹ bá máa pe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i pé pílánù gọ́tà á dé kí ẹnikẹ́ni tó po kọnkéré.